Ẹ̀fọn Abilà Tó Ń Jẹni Lọ́sàn-án: Bí Ẹ Ṣe Máa Dá A Mọ̀, Bí Ẹ Ṣe Máa Rí I Nílé Yín, àti Bí Ẹ Ṣe Máa Gé Ìran Rẹ̀ Kúrò

Òru ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ ẹ̀fọn mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, a óò ti fèrèsé, a óò sọ nẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, bí ilẹ̀ bá sì ti mọ́, ọkàn wa á balẹ̀. Ẹ̀fọn tó ń fa ibà málaríà là ń bá jà lọ́nà yẹn, ó sì yẹ ká máa bá a jà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn mìíràn wà tí kì í dúró de alẹ́. Bí ojúmọ́ bá ti mọ́ ló ti ń wá ẹ̀jẹ̀ kiri. Abẹ́ tábìlì àti ẹ̀yìn aṣọ tí a fi kọ́ ló máa ń sá pamọ́ sí, ọrùn ẹsẹ̀ ló sì fẹ́ràn láti jẹ jù. Aedes aegypti ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ẹ̀fọn abilà ni màá máa pè é níhìn-ín, nítorí ilà funfun tó wà lára rẹ̀.

Ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà ni. Inú igbó ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Omi òjò tó dúró sínú ihò igi ni wọ́n ń yé ẹyin sí, ẹ̀jẹ̀ ẹranko ni wọ́n sì ń mu. Èyí tó dúdú jù nínú wọn, tó ṣì ń gbé inú igbó, wà títí dòní. Níbi tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti máa ń pẹ́, bíi ilẹ̀ Sahel tó wà létí aṣálẹ̀ Sàhárà, tó jẹ́ pé inú ohun tí èèyàn pọn omi sí nìkan ni omi máa ń wà fún ọ̀pọ̀ oṣù, ibẹ̀ ni apá kan nínú wọn ti di aládùúgbò èèyàn, tí wọ́n sì wá fẹ́ràn ẹ̀jẹ̀ wa ju ti ẹranko lọ. Àwọn ọkọ̀ tó ń kó ẹrú ló gbé e kọjá òkun, nínú àgbá omi mímu. Nígbà tó fi máa di 1648, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ (yellow fever), tí ẹ̀fọn yìí ń gbé kiri, ti ń pa èèyàn ní Yucatán, ní ilẹ̀ Mẹ́síkò.

Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo nǹkan tó kù, ẹ má ṣe gbàgbé èyí: dída omi nù kò pa ẹyin ẹ̀fọn yìí. Kì í yé e sójú omi. Ara ike, ara dúrọ́ọ̀mù, ara táyà ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, díẹ̀ sókè ibi tí omi dé. Bí ẹ bá da omi nù tán, ẹyin náà ṣì wà níbẹ̀, ó gbẹ, kò kú, ó ń retí òjò. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kànrìnkàn ló ń pa á.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ dá a mọ̀

Ẹ̀fọn kékeré ni, ó dúdú, àmì funfun sì wà lára rẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀: ilà funfun yí oríkèé kọ̀ọ̀kan ká. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìyẹ́ ti hù: ilà funfun méjì ló tẹ̀ kọrọdọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kìíní-kejì, ilà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sì wà láàárín wọn. Ẹ̀fọn kan tó bá a tan, Aedes albopictus, tó ti Éṣíà wá, wà ní orílẹ̀-èdè wa pẹ̀lú. Ilà funfun kan ṣoṣo tó lọ tààrà láàárín ẹ̀yìn ni tiẹ̀. Bí ẹ bá pa ọ̀kan láìtẹ̀ ẹ́ fọ́, ẹ gbé e sórí ìwé funfun, kí ẹ tan ìmọ́lẹ̀ fóònù sí i. Ẹ óò rí ohun tí mò ń sọ.

Ìṣe rẹ̀ tún máa ń tú u fó. Kì í kùn létí tó ẹ̀fọn alẹ́. Ẹ̀yìn ló máa ń gbà wá, nísàlẹ̀. Bí ẹ bá mira, á fò, á sì lọ bá ẹlòmíràn tó jókòó nítòsí, á tún mu díẹ̀ lára tọ̀hún. Ìwà yìí gan-an ló mú un léwu: kí ó tó yó lẹ́ẹ̀kan, ó lè ti fẹnu kan èèyàn bíi mélòó kan nínú ilé kan náà. Àárọ̀ lẹ́yìn tí oòrùn bá yọ àti ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ kí oòrùn tó wọ̀ ni ó máa ń jẹni jù, ṣùgbọ́n inú ilé tó ṣókùnkùn, kò sí wákàtí tí kò lè jẹni.

Abo nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀, nítorí ẹyin tó fẹ́ yé. Kì í sì í fò jìnnà. Ọ̀pọ̀ wọn kì í kọjá nǹkan bí igba mítà sí ibi tí wọ́n ti bí wọn. Nítorí náà, bí ẹ̀fọn abilà bá ń jẹ yín nílé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ilé yín tàbí ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́ ọ dàgbà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ ohun tó lè kó ràn, àti ohun tí kò lè kó ràn

Kì í kó ibà málaríà ràn. Ẹ̀fọn Anopheles nìyẹn. Ohun tí ẹ̀fọn abilà ń gbé kiri ni kòkòrò àìrí tí wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì: ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ti dengue, ti chikungunya àti ti Zika.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀fọn yìí kò gbé àrùn kankan. Ìgbà tí ọ̀kan bá mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tí fáírọ́ọ̀sì wà lára rẹ̀, ní àwọn ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn náà, ni ọ̀rọ̀ yí padà. Fáírọ́ọ̀sì náà á wọ inú ìfun ẹ̀fọn, á pọ̀ sí i níbẹ̀, á wá dé inú itọ́ rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 8 sí 12. Láti ọjọ́ náà títí tí yóò fi kú, ẹnikẹ́ni tó bá jẹ lè kó o. Nígbà mìíràn ó tilẹ̀ máa ń ta á látaré fún ẹyin rẹ̀. Agbára àtikó-àrùn-ràn yìí kò rí bákan náà níbi gbogbo: àwọn onímọ̀ ti rí i pé èyí tó ṣì jẹ́ ti igbó ní Áfíríkà kì í tètè gba fáírọ́ọ̀sì Zika sára tó èyí tó wà ní Amẹ́ríkà àti Éṣíà. Ìròyìn ayọ̀ díẹ̀ nìyẹn, àmọ́ kò kan ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀.

Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí òun ló ti pa wá jù. Nínú igbó, àárín ọ̀bọ àti ẹ̀fọn igbó ni fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ ti ń yí kiri. Ẹni tó lọ gégi, tó lọ dẹ̀gbẹ́, tàbí tó lọ sóko lè kó o níbẹ̀, kó sì gbé e wọ ìlú nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láìmọ̀. Bí ẹ̀fọn abilà bá pọ̀ nílùú, tí àwọn èèyàn kò sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọ̀kan lè di púpọ̀ láìpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1987, nígbà tí ẹ̀fọn inú ohun èlò omi wa gan-an tan àjàkálẹ̀ náà káàkiri ìlú. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí a kò fi gbúròó rẹ̀ mọ́, títí di oṣù Kẹsàn-án 2017, nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó wà lára ọmọdébìnrin ọmọ ọdún méje kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Láti ìgbà náà, kò tíì fi orílẹ̀-èdè yìí lọ́rùn sílẹ̀ tán.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó bá kó o kì í ju kí ara wọn gbóná fún ọjọ́ bíi mélòó kan lọ. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn, lẹ́yìn tí ara ti fúyẹ́ fún ọjọ́ kan, àìsàn náà á tún padà gbé wọn dè: ojú á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìtọ̀ á dúdú, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde ní imú tàbí ẹnu. Nínú àwọn tó bá dé orí èyí, nǹkan bí ìdajì ló máa ń kú láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Kò sí oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀.

Dengue jẹ́ oríṣi mẹ́rin. Ẹni tó ti ní ọ̀kan rí, tó tún wá kó oríṣi mìíràn, ló sábà máa ń wà nínú ewu jù. Chikungunya, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní gúúsù Tanzania ní 1952, kì í pani tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n oríkèé ara lè máa dunni fún ọ̀pọ̀ oṣù. Zika, tí wọ́n rí nínú igbó Zika ní Uganda ní 1947, kì í da àgbà láàmú púpọ̀. Ọmọ inú oyún ló ń bà jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yẹ ilé yín wò bíi wolé-wolé

Àwọn àgbà wa rántí wolé-wolé. Bí wọ́n bá wọ agbo ilé, ìdí àmù ni wọ́n máa ń lọ tààrà, wọ́n á ṣí i, wọ́n á bojú wò ó, bí wọ́n bá sì rí tanwíjí nínú rẹ̀, ẹjọ́ dé nìyẹn. Àwọn èèyàn bẹ̀rù wọn, wọ́n sì sá fún wọn. Síbẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe dára, ó sì dùn mí pé a jẹ́ kó lọ láìfi nǹkan kan dípò rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa wá yẹ àmù yín wò mọ́. Ẹ ní láti yẹ ẹ́ wò fúnra yín.

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ìwé àti bírò. Àárọ̀ ló dára jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé kí ẹ tó bọ́ sí gbàgede, kí ẹ sì kọ gbogbo ohun tí omi lè dúró sínú rẹ̀ sílẹ̀, yálà omi wà níbẹ̀ lónìí tàbí kò sí.

Nínú ilé: báfù àti garawa omi ìwẹ̀, dúrọ́ọ̀mù ilé ìdáná, àwo tó wà nísàlẹ̀ ìkòkò òdòdó, àwo ẹ̀yìn fíríìjì tí omi ń kán sí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọn kì í lò déédéé. Ní gbàgede: táyà, agolo, ike tó fọ́, ìdérí kòlòbó, abọ́ omi adìyẹ, tàpólì tó sọ̀ kalẹ̀, òrùlé tí ewé dí ojú omi rẹ̀, búlọ́ọ̀kù oníhò, ọkọ̀ tó ti dẹnu kọlẹ̀, igbá àgbọn, ìkarawun ìgbín, kùkùté ọparun, ihò ara igi. Lóko, òkìtì èèpo kòkó tí òjò rọ̀ sí kì í ṣe ohun tí a lè fojú fò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ti kókò.

Ẹ kíyè sí ohun tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ yìí: gọ́tà onídọ̀tí. Ní ọjọ́ ìmọ́tótó àyíká, ìdí gọ́tà ni gbogbo àdúgbò máa ń pé sí. Omi dúdú tó ń rùn níbẹ̀, ẹ̀fọn Culex ló sábà ni ín. Ẹ̀fọn abilà fẹ́ràn omi tó mọ́ gaara, irú èyí tí àwa fúnra wa pọn, tí a gbé sí ibòòji. Ẹ kó gọ́tà, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹ ti bá ẹ̀fọn yìí wí.

Ẹ jẹ́ ká wá dúró nídìí dúrọ́ọ̀mù kan, nítorí ibẹ̀ ni nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ jù. Ẹ má kàn án lójijì. Ẹ rọra ṣí i, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tó tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú omi. Bí tanwíjí bá wà níbẹ̀, ẹ óò rí wọn tí wọ́n so rọ̀, orí nísàlẹ̀, ìdí lókè, tí wọ́n na ọ̀pá ìmí tín-ín-rín kan sí ojú omi. Ẹ wá na ọwọ́ yín kọjá lókè dúrọ́ọ̀mù kí òjìji rẹ̀ bọ́ sórí omi. Gbogbo wọn á jà wìrì, wọ́n á sì rì lọ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, wọ́n á tún máa gòkè wá lọ́kọ̀ọ̀kan, torí wọ́n gbọ́dọ̀ mí. Tanwíjí ẹ̀fọn málaríà kì í so rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú omi ló máa ń tẹ́ gbọọrọ sí. Bí ẹ bá tún rí àwọn tó ká kò, tí orí wọn tóbi, tí wọn kì í jẹun, ẹ má fi nǹkan falẹ̀ mọ́: àwọn wọ̀nyí máa di ẹ̀fọn láàárín ọjọ́ méjì.

Ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sí ara dúrọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀, lókè ibi tí omi dé. Ẹyin rẹ̀ wà níbẹ̀, dúdú, ó kéré, ó lẹ̀ mọ́ ara bí ìyẹ̀fun èédú. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ni abo kan lè yé lẹ́ẹ̀kan, kì í sì í yé gbogbo rẹ̀ síbì kan. Á yé díẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù, díẹ̀ sínú táyà, díẹ̀ sínú agolo ilé kejì. Ìdí nìyẹn tí ilé kan ṣoṣo tó mọ́ kò fi lè gba àdúgbò là.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ má kàn dà á nù

Láti ẹyin dé ẹ̀fọn tó ń fò, ọjọ́ 7 sí 10 ni nígbà ooru. Nítorí náà, ẹ mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kò wúlò fún èyí rárá; ìran mẹ́ta á ti fò lọ kí ọjọ́ náà tó tún pé.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ lo omi inú dúrọ́ọ̀mù náà tán, tàbí kí ẹ fi asẹ́ tàbí aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ sínú nǹkan mìíràn kó má bàa ṣòfò. Omi tí tanwíjí wà nínú rẹ̀, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni kí ẹ dà á sí kó lè kú. Ẹ má dà á sínú gọ́tà. Ẹ fi kànrìnkàn líle tàbí búrọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ọṣẹ, ha inú rẹ̀ yí po, láti ẹnu dé ìsàlẹ̀. Ibi tí omi sábà máa ń dé ni kí ẹ ha jù, torí ibẹ̀ ni ẹyin wà. Bí ẹ bá ní omi blíìṣì, ẹ fi pa ara rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti ha á, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ wá ṣàn án dáadáa kí ẹ tó pọnmi sí i. Ẹ ṣan kànrìnkàn náà sórí ilẹ̀ gbígbẹ lábẹ́ oòrùn, kí ẹyin má bàa bá a dé inú ike tó kàn.

Ohun tí ẹ kò lò mọ́, ẹ dojú rẹ̀ dé tàbí kí ẹ kó o dànù. Táyà ni ó burú jù, torí omi inú rẹ̀ kì í tán nígbà tí ẹ bá gbé e dúró. Ẹ gbé e sábẹ́ òrùlé, tàbí kí ẹ lu ihò sí i. Ihò ara igi àti búlọ́ọ̀kù, ẹ fi yanrìn dí i.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló yẹ kí iṣẹ́ yìí le jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà yẹn gan-an ni gbogbo èèyàn máa ń sinmi. Ẹyin tí ẹ bá ha dànù nínú oṣù Kejì kò ní sí níbẹ̀ mọ́ láti pa nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Omi tí ẹ kò lè dà nù

Ibi tí omi ẹ̀rọ kì í ti í wá déédéé, kò sí ẹni tó lè sọ pé kí èèyàn má tọ́jú omi. Ẹ bò ó ni. Ìdérí tó bá ní àlàfo tí ìka lè wọ̀ kò bò ó. Ohun tó dára jù tí mo mọ̀ ni kí ẹ na aṣọ nẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ há dáadáa bo ẹnu dúrọ́ọ̀mù, kí ẹ fi rọ́bà tàbí okùn fún un mọ́ ọn lọ́rùn, kí ẹ tó wá gbé ìdérí lé e. Ẹ máa wo nẹ́ẹ̀tì náà bóyá ó ti ya. Ti tánkì òkè, ẹ wo ìdérí rẹ̀ àti ẹnu páìpù tí omi ń gbà jáde bó bá kún. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì wé páìpù náà. Kànga pẹ̀lú nílò ìdérí.

Oògùn wà tí ń pa tanwíjí nínú omi láìpa èèyàn lára, bíi temephos àti Bti, tó jẹ́ bakitéríà tí ń ba inú tanwíjí jẹ́. Èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bá fọwọ́ sí fún omi mímu, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀, nìkan ni kí ẹ lò. Ẹ má da epo kẹrosíìnì tàbí epo ẹ́ńjìnnì sínú omi tí ẹnikẹ́ni máa fẹnu kàn. Ẹja kéékèèké tí ń jẹ tanwíjí wúlò fún kànga àti àwọn ìkùdù omi ńlá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ dáàbò bo ara yín lójúmọmọ

Aṣọ gígùn tí kò dúdú, tó bo ọrùn ẹsẹ̀, wúlò ju bí a ṣe rò lọ. Oògùn ìpara tí ń lé ẹ̀fọn, tó ní DEET tàbí picaridin, ni kí ẹ fi pa ibi tí aṣọ kò bò, ní àárọ̀ àti ní ọ̀sán. Ẹ má fi DEET pa ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì. Ọmọ ọwọ́ tó ń sùn lọ́sàn-án, abẹ́ nẹ́ẹ̀tì ni kó máa sùn. Nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé àti ti ilẹ̀kùn, tí kò ya, ló dára jù fún gbogbo ilé.

Bí ẹ bá fẹ́ fín oògùn ẹ̀fọn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn àpótí aṣọ àti abẹ́ àga ni kí ẹ fín in sí, torí ibẹ̀ ló ń sinmi. Kì í ṣe inú afẹ́fẹ́ àárín yàrá. Kí àwọn èèyàn jáde kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó fín in. Síbẹ̀ mo ní láti sọ ọ́ gbangba: ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn yìí ti ń fara da àwọn oògùn fínfín tó wọ́pọ̀. Ẹni tó ń fín oògùn láìha dúrọ́ọ̀mù kàn ń pa àgbà ni, ọmọ wà nílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Abẹ́rẹ́ àjẹsára

Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ nìkan ni ẹ máa rí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ gbà fàlàlà nínú àrùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iwọ̀-oòrùn Áfíríkà sì ni orísun abẹ́rẹ́ náà. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, nígbà tí ibà náà ń ṣe é. Asibi yè é. Fáírọ́ọ̀sì tó ti ara rẹ̀ jáde ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Max Theiler, sọ di aláìlágbára, tó fi ṣe abẹ́rẹ́ 17D ní 1937, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní 1951. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn dókítà tó ṣe ìwádìí náà, kó àrùn náà níbi iṣẹ́, ó sì kú ní Èkó nínú oṣù Kẹsàn-án 1927. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún ọmọ yín lónìí, ibẹ̀ ló ti wá.

Láti 2004 ni Nàìjíríà ti ń fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ yìí nígbà tí wọ́n bá pé oṣù 9. Ẹ wo káàdì ọmọ yín lónìí. Ẹ wo tiyín náà, torí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà náà kò gbà á rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó fún gbogbo ayé ẹni. Láti oṣù Keje 2016 ni káàdì ìrìnnà rẹ̀ kò ti lọ́jọ́ ìparí mọ́. Nǹkan bí ọjọ́ 10 lẹ́yìn tí ẹ bá gbà á ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà ẹ má dúró di ọ̀la ìrìn àjò. Ọmọ tí kò tó oṣù mẹ́fà kò gbọ́dọ̀ gbà á. Ẹni tí ẹyin adìyẹ máa ń bá ara rẹ̀ jà gan-an, ẹni tí agbára ìdènà àrùn ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, aláboyún àti ẹni tó ti lé ní 60 ọdún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Bí ara ẹnì kan bá gbóná nílé

Ẹ má kàn ra oògùn málaríà lò. Ẹ ṣe àyẹ̀wò. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kì í ṣe málaríà, ẹ má tún oògùn náà lò "bóyá á ṣiṣẹ́"; ẹ lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ ibi tí aláìsàn náà ti dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, pàápàá bó bá lọ sóko tàbí sínú igbó.

Paracetamol ni kí ẹ lò fún ara gbígbóná. Ẹ má lo aspirin tàbí ibuprofen títí dókítà á fi sọ pé kì í ṣe dengue, torí wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Ẹ máa fún un ní omi mu dáadáa. Bí ara bá ti ń tutù, ẹ má tíì túraká: ìgbà yẹn gan-an ni dengue tó le máa ń fara hàn. Inú rírun kíkankíkan, èébì tí kò dúró, ẹ̀jẹ̀ láti eyín tàbí imú, ojú tó pọ́n, ara tí kò lélẹ̀ tàbí oorun tí kò ṣeé jí: èyíkéyìí nínú wọn, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ òru.

Ohun kan wà tí àwọn ìdílé kì í sábà rántí. Ní ọjọ́ márùn-ún sí méje àkọ́kọ́, fáírọ́ọ̀sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà, ẹ̀fọn ilé sì ń wá ẹ̀jẹ̀ kiri. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru. Nẹ́ẹ̀tì yẹn kì í ṣe fún òun nìkan. Ó ń gba ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti aládùúgbò rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Kí ẹ sì ha gbogbo ohun èlò omi inú ilé lọ́jọ́ náà, kí ẹ má dúró de ọjọ́ tí ẹ yàn.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ ka ti àdúgbò

Èyí ni fún ẹgbẹ́ onílé, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ onílé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ṣe ìgbésẹ̀ kẹta nínú ilé bíi 50 tàbí 100, kí ẹ sì ka iye ohun èlò tí ẹ bá tanwíjí nínú rẹ̀. Ẹ pín iye náà sí iye ilé tí ẹ dé, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Bí ẹ bá rí ohun èlò 18 nínú ilé 60, iye yín jẹ́ 30. Ìwọ̀n yìí ni wọ́n ń pè ní Breteau. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé nípa ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni pé bí kò bá tó 5, àrùn náà kò lè rọrùn tàn nílùú. Bó bá ju 50 lọ, ewu ńlá ti wà nílẹ̀. Ẹ tún kà á lẹ́yìn oṣù kan, kí ẹ kọ ọ́ sára ògiri ibi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i.

Ẹ kọ irú ohun èlò tó pọ̀ jù sílẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ táyà, ọ̀dọ̀ àwọn vọlikanáísà ni ìpàdé tó kàn. Bó bá jẹ́ dúrọ́ọ̀mù, nẹ́ẹ̀tì ẹnu dúrọ́ọ̀mù ni kí ẹ kówó jọ rà. Ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òṣìṣẹ́ tó ń tọpa àrùn. Ẹ wá a rí ṣáájú kí wàhálà tó dé, ẹ fi iye yín hàn án, ẹ gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kí ẹ sì pè é lọ́jọ́ tí ibà tó pọ́n ojú bá mú ẹnikẹ́ni ní àdúgbò yín.